Ilẹ̀kùn Tí Grady Kò Ṣí

Ọ̀rẹ́ mi, bóyá orúkọ rere lo ní níta. Fara balẹ̀, kó o ka ìtàn ọkùnrin kan tí orúkọ tirẹ̀ dára ju tìrẹ lọ.

Ní Los Angeles, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi eré ṣíṣe jẹun, ta ni kò mọ Grady Vickers? Òun ló ń ṣe Ẹ̀fúùfù Wúrà nínú àwọn fíìmù alágbára tí ọ̀kan ń bí òmíràn. Ẹ̀fúùfù Wúrà a máa fò lójú ọ̀run, a máa fi ọwọ́ lásán dá ọkọ̀ ojú irin dúró, ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló sì fẹ́ràn. Àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn ti lé jáde nílé nítorí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé Grady gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin.

Ohun tó sọ nípa ara rẹ̀ ni wọ́n tilẹ̀ fẹ́ràn ju fíìmù lọ. Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi gba irú ipa bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Nítorí Neil àbúrò mi ni. Nígbà tí bàbá wa lé e jáde nítorí irú ẹni tó jẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló wá. Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo fún un ní bẹ́ẹ̀dì mi, èmi sùn sílẹ̀.”

Ẹni tó ń bi í léèrè bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ni òkìkí Grady ti kàn. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ, ó sì tún ìtàn náà sọ nígbà tó ń gbà á.

Irọ́ ni. Neil wá lóòótọ́, òjò sì pa á dé ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Bàbá ti lé mi.”

Ayé kò tíì mọ Grady nígbà náà. Ipa kékeré ló ń wá kiri, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ṣí i.

“Wá ibòmíì lọ. Tí wọ́n bá rí ẹ níbí, wọ́n á ní bákan náà ni wá. Ṣé o fẹ́ ba tèmi jẹ́ ni?”

 Grady gbọ́ ẹsẹ̀ Neil lórí àtẹ̀gùn, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Jọ̀ọ́, òǹkàwé, má tètè wí pé o ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìwé yìí ń bá wí. Kì í ṣe ipa tí Grady kó nínú fíìmù, kì í sì í ṣe irú ẹni tí Neil jẹ́. Ọkùnrin kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ó wá ń gba ìyìn ẹni tó ṣí i. Òun ni mo ń bá wí, inú sì ń bí mi sí i, àfi ìgbà tí mo bá rántí ara mi.

Grady ní ọ̀rẹ́ kan, Amos Tuttle. Iṣẹ́ Amos ni kó wọ aṣọ Ẹ̀fúùfù Wúrà, kó fò bọ́ láti orí òrùlé sórí tìmùtìmù ńlá dípò Grady, kí òṣèré gan-an má baà fara pa. Onígbàgbọ́ ni, Grady a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Wòlíì, ṣé Jésù ló gbá ẹ mú lónìí, àbí tìmùtìmù?”

Amos á rẹ́rìn-ín. “Tìmùtìmù ló gbá ara mú. Ọkàn tìẹ ńkọ́, ta ló máa gbá a mú?”

“Fi mí sílẹ̀ jàre. Èmi tí gbogbo ayé ń pè ní èèyàn dáadáa?”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Ọjọ́ náà dé ní San Diego, nínú gbọ̀ngàn ńlá tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù ti tò láti bá Grady ya fọ́tò. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ Ẹ̀fúùfù Wúrà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yín lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wá ní kí n padà wálé. Ẹ ṣeun fún ohun tí ẹ ṣe fún Neil.”

Grady rẹ́rìn-ín sí i bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Kò pẹ́ tí ọmọ náà lọ tí fóònù rẹ̀ dún.

“Ẹ ò mọ̀ mí. Hollis lorúkọ mi, èmi àti Neil la jọ ń gbé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá máa wá, ẹ tètè máa bọ̀.”

Corinne, obìnrin tó ń bójú tó orúkọ Grady níta, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Yáa máa lọ. Àmọ́ kí ẹnì kan bá ẹ ya fọ́tò kan péré, kó o di ọwọ́ Neil mú. Àwọn èèyàn á fẹ́ rí i.”

Amos ló fi mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù. Neil wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ló ń mí fún un. Dókítà ní kò lè gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún jókòó tì í: Hollis nìyẹn. Ó wo Grady látòkè délẹ̀.

“O wá dé. Gbogbo ìgbà tó o bá ń parọ́ yẹn ni mo máa ń fẹ́ tú àṣírí ẹ. Neil ò gbà. Ó ní, ‘Fi í sílẹ̀. Bóyá tó bá sọ ọ́ pẹ́, á di ẹni tó ń pe ara ẹ̀.’ Ó ń retí ẹ láti ọjọ́ yìí wá.”

 Grady kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. “Neil, èmi ni. Dárí jì mí.”

Ọwọ́ náà kò di tirẹ̀ mú, kò sì kọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ń mí lọ. Ó tún un sọ, ó tún un sọ, títí Hollis fi ní kó dákẹ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Neil kú.

Corinne pè: ṣé wọ́n ti ya fọ́tò náà? Grady pa fóònù. Òun àti Amos jókòó sínú mọ́tò, wọn kò lè lọ sí ibì kankan.

“Amos, ìwọ lo máa ń ṣubú dípò mi. Kí ni kí n ṣe?”

“Eléyìí kọjá agbára mi. Jésù nìkan ló lè gbà á rù, ó sì ti gbà á.”

“Ṣé á dá Neil padà fún mi?”

“Rárá.” Amos kì í fi oyin sí ọ̀rọ̀. “Ẹni tó o ṣẹ̀ ti lọ. Ẹni tó lè dárí jì ẹ́ ṣì wà ńbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe Grady orí tẹlifíṣọ̀n ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀ o.”

Grady tó mọ ọ̀rọ̀ gbogbo lórí kò rí èyí tó máa sọ. Ó sunkún bí ọmọdé. Nígbẹ̀yìn ó ní, “Olúwa, mi ò ṣílẹ̀kùn. Mo parọ́. Ṣàánú mi.”

Kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, kò gbóhùn. Ìbànújẹ́ rẹ̀ kò sì dín. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé a ti gbọ́ òun.

Ó padà sórí tẹlifíṣọ̀n, ó sọ òtítọ́. Orúkọ rere náà wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ fa àwòrán rẹ̀ ya kúrò lára ògiri wọn. Ẹkún wọn dùn ún ju ipa tí àwọn tó ń ṣe fíìmù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Níbi ìsìnkú, Hollis gbà kó dúró lẹ́yìn pátápátá, kò sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ títí di òní. Ọlọ́run ti dárí ji Grady. Hollis kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí Grady lè fi mú un ṣe é.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ìwọ ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Ayé ń yìn ọ́. O mọ ohun tó o ṣe. Wọ́n ń kí ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì; ẹnì kan wà níbì kan tó mọ̀ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Má sọ pé ó di ọ̀la. Nígbà tí Grady ronú pìwà dà, Ọlọ́run nìkan ló kù tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní tìrẹ, ẹni tó o ṣẹ̀ lè ṣì máa mí lónìí. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yìí, jẹ́wọ́ fún Jésù. Tó o bá dìde, lọ wá ẹni náà, nígbà tó ṣì lè dá ọ lóhùn.