Pẹ̀rẹ̀gún Orí Ilẹ̀ Bámgbóyè

Obìnrin náà nà gbalaja láàárín ebè elégédé, ó dojú bolẹ̀, kò mira. Bàtà rẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀, ìkejì ti bọ́ sẹ́yìn. Ìborùn pupa tí ó wé mọ́ ọrùn nítorí ọyẹ́ ti wọ́ sínú erùpẹ̀. Akíndélé, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú títì pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́, rò pé ó dákú ni. Ó ju àpótí sílẹ̀, ó sáré tọ̀ ọ́. Ó kù díẹ̀ kí ó fọwọ́ kàn án ni obìnrin náà gbé ọwọ́ kan sókè láìbojú wẹ̀yìn.

"Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Oyin kan ń sùn nínú òdòdó yìí. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí yóò jí."

"Oyin a máa sùn?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ìdí tí mo fi dùbúlẹ̀ nìyẹn."

Ọkùnrin náà dúró díẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tí ó rí i pé kò sí ẹni tí ń wò ó, òun náà dùbúlẹ̀. Wọ́n jọ ń wo inú òdòdó náà títí oyin fi gbọn ìyẹ́, tí ó jáde pẹ̀lú àtíkè òdòdó ní gbogbo ara bí ọmọ tí ó bọ́ sínú ìyẹ̀fun, tí ó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lórí ewé, tí ó sì fò lọ. Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú ara wọn. Erùpẹ̀ wà ní àgbọ̀n àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rọ omi tí wọ́n ní ó ń bọ̀ láti Adó?"

"Èmi ni. Akíndélé ni wọ́n ń pè mí."

"Mojírádé. Aránṣọ ni mí. Ẹ dìde, kí aṣọ yín má bàjẹ́ ju báyìí lọ."

"Ó ti bàjẹ́ tán."

"Kò tíì bàjẹ́ tán. Mo mọ bí aṣọ tó bàjẹ́ tán ṣe ń rí."

Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Ọgbà, tí ó pe Akíndélé wá sí ìlú Ìṣẹ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Àgbẹ̀ pọ̀ ní ìlú náà, wọn kò sì nílò ẹgbẹ́ kí wọ́n tó gbin ẹ̀gẹ́ àti kòkó. Àwọn tí ó kóra jọ síbí ni àwọn tí ń gbin nǹkan nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ bí yóò ṣe rí: àwọn tíṣà tí ó ti fẹ̀yìntì, ọkùnrin kan tí ń lẹ táyà, ìyàwó pásítọ̀, àti Mojírádé, tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ó bá rí kòkòrò, yóò kọ́kọ́ bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá Fẹ́yìsetán, ọ̀gá ilé ìwé àtijọ́, ni alága wọn. Lórí ilẹ̀ tí Bámgbóyè, bàbá Mojírádé, yá wọn létí odò ni wọ́n ti ń pàdé ní àràárọ̀ Sátidé.

Akíndélé so ẹ̀rọ omi tí ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ mọ́lẹ̀, omi sì gun òkè dé orí ebè. Iṣẹ́ parí, wọ́n san owó rẹ̀ fún un. Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ó tún dé.

"Ṣé ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́ ni?" ni Ìyá Fẹ́yìsetán bi í.

"Rárá, Mà."

"Kí ló wá gbé yín dé?"

"Wọ́n ní òdòdó elégédé kan wà tí kì í so. Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀."

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ níbí," ni ìyá àgbà náà wí, gbogbo ẹgbẹ́ sì rẹ́rìn-ín. Mojírádé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tu koríko níbi tí koríko kò sí.

Báyìí ni ó ṣe di ọmọ ẹgbẹ́. Ọmọ Ìlawẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí i sí, Èkó ni ó dàgbà sí, kò sì mọ ewé ẹ̀gúsí yàtọ̀ sí ewé ìtàkùn lásán. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹta, ó gbin ewédú ní àgbìnjìn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rọ́nà hù. Nígbà tí wọ́n ń ro oko ní oṣù karùn-ún, ó fi ọkọ́ bẹ́ ata lọ́rùn. Mojírádé kò bínú sí i. Ó jókòó tì í, ó ń ka ewé hàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ojú àwọn ará ilé.

"Kí lèyí?"

"Ewé iṣu."

"Ewé uṣu ni, ará Èkó. Bí ẹ bá pè é ní iṣu níbí, kò ní ta."

Ní oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ náà lọ wo ọgbà ọsàn ọkùnrin kan ní Orùn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọkọ̀ kún, àwọn méjèèjì sì há mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú agbọ̀n èèhù ọsàn lórí itan wọn.

"Mojí, ṣé o lè fẹ́ ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè?"

Ó fa agbọ̀n náà mọ́ra. "Ebè kíkọ ṣeé kọ́. Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá mi nílẹ̀ yẹn, kí ló dé tí ẹ fi dùbúlẹ̀, dípò kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn lè máa wò tí yóò fi gbàgbé ọyẹ́."

Mojírádé fi èjìká ti èjìká rẹ̀, kò sì gbé e kúrò mọ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn," ni dírẹ́bà wí, "ẹ má jẹ́ kí èèhù yẹn dà sínú mọ́tò mi o."

Láti ọjọ́ náà, Mojírádé kò pè é ní "ẹ" mọ́ bí kò bá sí àgbà nítòsí. Ó sọ fún bàbá rẹ̀. Bámgbóyè, tí ó ti nìkan tọ́ ọmọ náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, jẹ ẹran ẹnu rẹ̀ tán kí ó tó fèsì pé kí ọkùnrin náà wá kí òun lẹ́yìn ìgbà tí uṣu titun bá jáde.

Ní oṣù keje, ẹ̀gbọ́n Mojírádé bímọ ní Ìkẹ́rẹ́, Mojírádé sì lọ bá a wẹ ọmọ. Kí ó tó lọ, ó dúró lórí ọ̀nà tí ó gba inú ọgbà lọ sí odò, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Mo máa ń rò ó," ni ó wí, "kí ni ìbá wà níbí tí ọyẹ́ kò ní lè pa?" Akíndélé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé. Ó rántí ewéko kan tí ó máa ń rí níwájú àwọn ilé ńlá ní Èkó, tí ó dúró ṣánṣán, tí ó tutù yọ̀yọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó rí irú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé àwókù kan, ó gé igi rẹ̀ jọ, ó ta okùn láti ojú títì dé etí odò, ó sì gbìn wọ́n tẹ̀lé okùn náà, láìwọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí ó ya olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́nu.

Ìyá Fẹ́yìsetán ni ó kọ́kọ́ dé ní Sátidé. Ó dúró, ó fi ojú tọ ìlà náà lọ sódò, ó tún fi ojú tọ̀ ọ́ bọ̀.

"Ta ló gbin èyí?"

"Èmi ni, Mà. Ṣé ó rẹwà?"

"Ó rẹwà. Ó sì ti pín ilẹ̀ Bámgbóyè sí méjì."

Pẹ̀rẹ̀gún ni. Ní Èkó, ẹwà ojúlé ni. Ní Ìṣẹ́, ẹlẹ́rìí ilẹ̀ ni. Ibi tí ó bá dúró sí ni ilẹ̀ ẹnìkan parí, tí ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì ta gbòǹgbò tí ẹnikẹ́ni kò bá wí nǹkan kan, àwọn àgbà ìlú yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ju ti ènìyàn lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí ń bọ̀ láti oko ti ń sọ ọ́ káàkiri pé àna Bámgbóyè ti pín ogún kí ó tó tọrọ ìyàwó.

Bámgbóyè wá fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ń pariwo.

"Apá ibo ni tìrẹ nínú ulẹ̀ mi?"

Akíndélé ti dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, kò sí apá tí ó jẹ́ tèmi. Ewéko ẹlẹ́wà lásán ni mo pè é."

"Ẹni tí bàbá mi yá ulẹ̀ níjọ́sí, tí ó fi pẹ̀rẹ̀gún gba oko kòkó lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà a máa dọ̀bálẹ̀ kí wa dáadáa. Ọmọdé ni mí nígbà tí a dúró ní kóòtù. Pẹ̀rẹ̀gún ni wọ́n gbà gbọ́, wọn ò gba bàbá mi gbọ́." Ó yí padà. "Bí àgbàdo yín bá ti gbó, kí ẹgbẹ́ yín kó kúrò. Ùwọ, má dé ojúlé mi."

Nígbà tí Mojírádé ti Ìkẹ́rẹ́ dé, inú ọgbà ni ó ti bá Akíndélé, tí ó ti di igi àkọ́kọ́ mú láti fà á tu.

"Má fà á."

"Èmi ni mo gbìn ín."

"Bí ìwọ nìkan bá fà á, wọ́n á ní o rí i pé àṣírí tú ni. Iwájú ẹbí méjèèjì ni wọ́n ti ń fa pẹ̀rẹ̀gún. Bàbá mi á fọwọ́ kàn án, bàbá tìrẹ náà á fọwọ́ kàn án. Kò sí ọ̀nà mìíràn."

"O ò mọ bàbá mi. Kò bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀." Ó jókòó sílẹ̀. "Bí ó bá kọ̀, ṣé wàá bá mi lọ bẹ́ẹ̀?"

Mojírádé fi etí ìborùn nu ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ fún un. "Mi ò ní bá ọ lọ bẹ́ẹ̀, Akin mi. Wọ́n ti fi ẹ̀tàn gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá mi rí. Mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ pé èmi ló kàn."

Ọlábọ̀dé, bàbá Akíndélé, ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ó sì ti padà sí Ìlawẹ̀. Títí di òní olónìí, ṣòkòtò rẹ̀ a máa ní ìlà áyọ̀ọ̀nù. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó sì bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí èmi àti àna mi yóò pàdé, kí ó jẹ́ èmi ni n ó máa tọrọ àforíjì?" Kò sọ pé òun yóò lọ, kò sì sọ pé òun kò ní lọ. Oṣù keje parí lórí ìdákẹ́jẹ́ yìí. Ní gbogbo àràárọ̀ ni Mojírádé ń lọ sí etí odò, tí ó ń yẹ igi náà wò. Ní ọjọ́ kan, ó rí ojú ewé tín-ín-rín tí ó yọ ní orí wọn. Nígbà ayé rẹ̀ gbogbo, ohun tí ó bá hù a máa dùn mọ́ ọn nínú. Èyí nìkan ni ó pa á lẹ́kún. Ó ránṣẹ́ sí Ìlawẹ̀ pé pẹ̀rẹ̀gún náà ti ń yọ ewé.

Ọlábọ̀dé dé ní ọjọ́ kejì, nígbà tí òjò oṣù kẹjọ dáwọ́ dúró. Àwọn àgbà ẹbí Bámgbóyè, tí wọ́n ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà. Ó ṣí fìlà.

"Ọmọ mi ṣe ohun tí kò mọ̀," ni ó wí. "Èmi tí mo mọ̀ ni mi ò mú un dé oko rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá."

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó di igi àkọ́kọ́ mú. Bámgbóyè di ìdí rẹ̀ mú. Igi náà kò mì.

"Ẹ má fi ẹ̀yìn fà á," ni Bámgbóyè wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ fi ẹsẹ̀ ti ìdí rẹ̀."

Ó jáde. Wọ́n bọ́ sí ìkejì. Ní ìdí igi kan, Ọlábọ̀dé bu erùpẹ̀, ó fi ìka pọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ulẹ̀ yìí mà dúdú o. Ṣé uṣu kì í jẹrà níbẹ̀?"

"Uṣu kè? Ẹ ò tíì rí uṣu rí nìyẹn."

"Ìlawẹ̀ ni mo ti wá, ẹ má gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀kan níbẹ̀ kí n tó gbà."

"Ẹ máa rí i. Ẹ fa èyí ná."

Àwọn àgbà tí ó jókòó kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́, nítorí wọ́n ti jìnnà. Ohun tí wọ́n rí ni àwọn arúgbó méjì tí ẹrẹ̀ ti bò dé orúnkún, tí wọ́n ń fi igi júwe nǹkan fún ara wọn. "Ẹ wò wọ́n," ni Ìyá Fẹ́yìsetán wí. "Wọ́n ti gbàgbé pé ẹjọ́ ni wọ́n bá wá."

Nígbà tí igi tí ó gbẹ̀yìn jáde létí odò, Bámgbóyè ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó pe Akíndélé.

"Kí lo tilẹ̀ rí tí o fi gbìn ín?"

"Mojírádé ni ó ń rò ó, Bàbá, pé kí ni ìbá wà níbí tí ọyẹ́ kò ní lè pa. Mo fẹ́ kí ó bá ìdáhùn nílẹ̀."

Bámgbóyè yíjú sí Mojírádé. "Ùwọ ń kọ́? Ẹni tí ó dàgbà tó báyìí, tí kò mọ pẹ̀rẹ̀gún. Ṣé o mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́?"

Mojírádé kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà.

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n tán, Bàbá. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí nǹkan lára rẹ̀ tí mi ò mọ̀ lánàá. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Ó wù mí kí n máa wò ó títí n ó fi darúgbó."

Ọlábọ̀dé ti dé fìlà rẹ̀, ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà dé ojú títì.

"Níbo lẹ ń lọ?" ni Bámgbóyè wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí ulé. Mi ò ní jẹ́ kí àna mi ti etí odò padà sí Ìlawẹ̀ láìjẹun."

Ọlábọ̀dé dúró. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: "àna mi". Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ó padà, àwọn bàbá méjèèjì sì ṣáájú, wọ́n ti tún ń jiyàn lórí uṣu.

Akíndélé kò kúrò lójú kan. Ó dà bí ẹni pé èdè tí òun kò gbọ́ ni wọ́n sọ. Mojírádé wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú ẹbí gbogbo, ohun tí kò ṣe rí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, ọkọ mi," ni ó wí. "Wọ́n ń dúró dè wá."