Ìta-Ọkọ̀, Àdúgbò tí Ọ̀sà Gbé Mì

Ọjọ́ tí Bàbá Ṣówándé dúró níwájú ọkọ̀ ojú omi tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, tó wá ń béèrè pé, "Ta ló gbẹ́ èyí? Ó mà mọṣẹ́ o," ọjọ́ náà ni Fadérera ti ilẹ̀kùn iyàrá ẹ̀rọ Aranrántí pa.

Fadérera ni alákòóso ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Àgbọnlá, òun náà ló sì ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún. Bí àwọn ìyá àtijọ́ ṣe ń ran ẹ̀gbọ̀n di òwú, bẹ́ẹ̀ ni Aranrántí ń ran ìrántí jáde lórí èèyàn, tí yóò sì fi ìmọ́lẹ̀ hun ún, títí ohun tí ojú ẹni náà rí láyé àná yóò fi dúró kedere láàárín gbọ̀ngàn, tòórùn-tòórùn, tariwo-tariwo. Fadérera rò pé àdàkọ lásán ni ẹ̀rọ náà ń mú. Ìgbà tí Bàbá Ṣówándé, tí ẹ̀rọ náà ti ran ìrántí rẹ̀, gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló tó yé e pé ẹ̀gbọ̀n tó bá ti di òwú ti kúrò ní ẹ̀gbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ni ìpàtẹ ńlá ìlú ń sún mọ́lé, gbọ̀ngàn àárín sì ṣófo. Ìta-Ọkọ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀, àdúgbò tí wọ́n ti tẹ Àgbọnlá dó, tí ọ̀sà gbé mì. Gbogbo àwòrán rẹ̀ ló bómi lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sínú àwọn ilé àléfòó orí omi ti ń sọ pé àlọ́ ni.

Tinúọlá, ìyá Fadérera, gbọ́ èyí, ó sì tẹ̀pá wá.

"Èmi nìkan ló kù tó rántí Ìta-Ọkọ̀," ló wí. "Ṣílẹ̀kùn. Mo fẹ́ jókòó sórí àga yẹn."

"Màámi, ṣé ẹ ò rí Bàbá Ṣówándé ni? Ohun tó bá lọ ò ní padà mọ́."

"Tí mo bá kú ńkọ́, ṣé yóò padà? Ẹni tó bá di ìlú rẹ̀ mọ́ àyà wọ sàréè, olè ni."

"Ẹ̀rọ tèmi ni. Mi ò gbà."

"Ẹ̀rọ tìẹ ni. Orí tèmi ni."

Fadérera ṣílẹ̀kùn iyàrá náà. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga. Fadérera tan Aranrántí.

Nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn, èrò wọ́ bí omi. Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hun ara rẹ̀. Iyanrìn kọ́kọ́ tẹ́ síwájú wọn, igi àgbọn tẹrí ba sórí omi, ilé onípákó hù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, èéfín ẹja sì gba gbogbo imú. Obìnrin kan tó ti kú tipẹ́ ń polówó ẹ̀kọ gbígbóná bọ̀. Àwọn èèyàn yà fún un lọ́nà láìmọ̀. Àwọn géńdé tó ti rìn lórí òṣùpá rí bọ́ bàtà wọn kí wọ́n tó tẹ iyanrìn ìmọ́lẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó lè pa ẹnu dé.

Tinúọlá náà yanu. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń wòtún, ó ń wòsì, bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú.

"Fadérera, ibo lèyí? Ó mà dára o!"

"Ìta-Ọkọ̀ ni, Màámi."

Létí omi, ọ̀dọ́bìnrin kan lóṣòó, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ọmọbìnrin kékeré kan ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìrìn. "Máa bọ̀, Àwẹ̀ró mi! Máa bọ̀!" Ọmọ náà ṣubú sí i láyà, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín.

Fadérera kò rántí ọjọ́ náà. Ó ti kéré jù. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Ní gbogbo ayé, orí kan ṣoṣo ni ọjọ́ náà ti wà rí.

Ìyá rẹ̀ na ìka sí wọn, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. "Wo ọmọ yẹn. Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Ìta-Ọkọ̀ kan ni, Màámi."

Tinúọlá mi orí, kò gbójú kúrò lára wọn. "Ìyá rẹ̀ mà fẹ́ràn rẹ̀ o."