Ewúro Kọkàndínlógún

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, agbóòórùn-ilẹ̀ dúró gbagidi lẹ́bàá ebè kẹrin ní oko Ilé Irúgbìn Ìlú ní Ìgbólékè, ó sì kọ̀, kò lọ mọ́. Ẹ̀rọ kékeré ni, kò ju ìjàpá lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rákò láàárín ebè, kó máa gbóòórùn gbòǹgbò, kó sì sọ bí ara igi ṣe le sí. Ìbíyẹmí tó ń tọ́jú oko náà rò pé agbára inú rẹ̀ ló tán. Ó gbé e sí oòrùn títí, ó tún gbé e padà. Ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀ náà ló tún dúró sí, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi sí i lẹ́nu sọ pé: "Ilẹ̀ yìí ti kú."

Bẹ́ẹ̀ ewúro orí ebè náà ń dán, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Láyé tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ òfuurufú ti ń ná ọ̀nà òṣùpá bí ẹni ń lọ oko etílé, àwọn tó sì ń gbé ọ̀hún kò mọ ọtí méjì ju ọtí ọkà bàbà Ìgbólékè lọ. Ọtí tó máa rin irú ìrìn yẹn gbọ́dọ̀ ní ohun kíkorò nínú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á kan kó tó débẹ̀. Òdòdó kan tó ń jẹ́ họ́ọ̀pù ni òyìnbó ń fi sí tiwọn. Ilẹ̀ wa ò gba họ́ọ̀pù, ewúro ni tiwa. Àwọn apọntí ìlú náà, tí ìkòkò wọn ò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, ò lágbára àtiní ilé ìwádìí, ni ìlú bá dá Ilé Irúgbìn sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Àwọn onímọ̀ níbẹ̀ ń da àbùdá ewúro kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn, ahọ́n-irin ń tọ́ ewé wọn wò. Irú méjìdínlógún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ká má parọ́, asán ni. Òmíràn korò bí ìbínú orogún, òmíràn sì tẹ́ lẹ́nu bí omi ìṣanwọ́. Ìkọkàndínlógún ló bọ́ sí i, ó korò níwọ̀n, ó sì tètè ń rúwé; òun ló wà lórí ebè kẹrin yẹn.

Dókítà Ṣówándé, ọ̀gá àgbà ilé náà, wú gbòǹgbò mẹ́ta, ó là wọ́n. Inú wọn dúdú.

"Àrùn ló ń gbé kiri," ó wí. "Kò ní ṣe òun fúnra ẹ̀ ní nǹkan fún ọdún mẹ́ta, àwọn ewúro tó bá yí i ká ló máa pa. Tó bá di ọdún kẹrin, òun náà á kú. Ilẹ̀ tó bá ti kàn, ewúro ò ní hù níbẹ̀ mọ́ fún ọgọ́ta ọdún."

"Ṣé kò sí oògùn, sà?"

"Bi ọpọlọ-irin."

Ìbíyẹmí bi í. Ẹ̀rọ ńlá tí ń bá àwọn onímọ̀ ronú náà ní kò sí. Ó yí ìbéèrè náà padà, ó tún bi í. Ìgbà kẹta, ẹ̀rọ náà ò tiẹ̀ ronú kó tó dáhùn.

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé inú ọgbà wa nìkan ló wà," Dókítà wí.

Ìbíyẹmí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ilé náà ni pé irú tuntun gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́rin nínú ọgbà kó tó jáde, ọdún kẹta sì ni ìkọkàndínlógún wà. Ṣùgbọ́n Ìgbólékè ní òfin tirẹ̀ tó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gun òṣùpá: a kì í fi ọ̀pá ewúro du ẹni tó bá dúró létí ọgbà tó tọrọ rẹ̀. Ọ̀tá ẹni ni, olóore ẹni ni, a ó gé e fún un. Ní ọdún kìn-ín-ní ìdánwò, Ìyá Ládépò, ẹ̀gbọ́n ìyá Ìbíyẹmí tó wò ó dàgbà, ti dúró létí ọgbà náà. "Ìbíyẹmí, mo wá tọrọ ewúro." Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó gé ọ̀pá kan tí kò gùn ju apá lọ, ó sì gbàgbé ẹ̀.

Ó sáré lọ sílé ìyá náà. Ìyá Ládépò ń yí ọkà tó ti hù lórí ẹní.

"O ò tiẹ̀ kí mi."

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ewúro àtijọ́ ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?"

"Èyí tí ìyá wa gbìn? Ó ti kú láti ẹ̀ẹ̀rùn. Mo rò pé ogbó ni."

Ìbíyẹmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ròyìn ohun tí wọ́n bá nínú gbòǹgbò fún un. Ó bi í pé ẹni mélòó ló ti gé ewúro náà fún.

"Wọ́n ń ka ẹni tí wọ́n fún ní ewúro ni?" Ìyá náà fi ọkà tó ń yí sílẹ̀. "Gbogbo ìlú ni, ọmọ mi. Wọ́n ti hú ti tẹ́lẹ̀ dànù. Oògùn ẹ̀ ńkọ́?"

Ìbíyẹmí wo ojú obìnrin tó ti pọntí fún àádọ́ta ọdún, tó fi ọtí náà rán òun níwèé. Kò lè sọ ọ́.

"À ń wá a, Màmá. A máa rí i."

Àánú ló jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ irọ́ náà ni.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ẹyẹ-irin ti fò yí ìlú ká, wọ́n sì ti ya àwòrán ewé tó ń pọ́n lára ewúro àtijọ́ díẹ̀ tó ṣẹ́kù káàkiri agbolé. Báálẹ̀ pe ìpàdé. Àṣẹ sì ti dé láti olú-ìlú pé Dókítà àti Ìbíyẹmí ò gbọdọ̀ tíì sọ ti ọgọ́ta ọdún náà fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀rọ yín kì í ṣàṣìṣe," Báálẹ̀ wí.

"A ò tíì dán an wò tán, Baba," Dókítà dáhùn. "Ẹnìkan ló gbé e jáde."

"A ti ń gbin ewúro kí wọ́n tó bí baba ńlá yín. A ò dán an wò, kò sì pa wá."

"Ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ ara yín hú èyí tí ò pa yín, Baba. A ò rán yín níṣẹ́."

Dókítà wá ka òfin: ẹni tó gbé irúgbìn jáde láìtọ́jọ́ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ irúgbìn mọ́ láéláé. Ó béèrè ẹni náà.

Ìbíyẹmí dìde. Kò tíì lanu tí Ìyá Ládépò fi sọ̀rọ̀ láti àárín àwọn apọntí.

"Èmi ni. Mo gba abẹ́ ọgbà wọlé, mo jí i gé."

Olè adìẹ wà ní Ìgbólékè, olè iṣu wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, wọn ò rí olè ewúro rí.

"Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè fi dù ọ́," Báálẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "òun lo lọ jí?"

"Ojúkòkòrò ni, Baba."

"Kò rí bẹ́ẹ̀," Ìbíyẹmí wí.

"Jókòó," Ìyá Ládépò wí fún un, ó wá kọjú sí Báálẹ̀. "Ẹ má dá a lóhùn, àánú mi ló ń ṣe é."

Ìyá náà ò ní jẹ́ kí Ìbíyẹmí gba ẹ̀bi náà, àfi bó bá sọ gbogbo ẹ̀ lójú ìlú, pé oògùn tí ìyá yìí torí ẹ̀ sọ ara rẹ̀ di olè ò sí rárá. Ó jókòó. Báálẹ̀ yọ Ìyá Ládépò kúrò nínú ẹgbẹ́ apọntí, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a da ìkòkò pọ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe ń jáde, àwọn obìnrin tó kọ́ níṣẹ́ ọtí ń fa ìró wọn sápá kan kó má baà kàn án.

Àwọn méjèèjì nìkan ló rìn lọ sílé.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ọwọ́ ẹ nìkan ló mọ igi yẹn. Bí wọ́n bá lé ẹ, ta ló máa wá oògùn ẹ̀?" Ó di apá Ìbíyẹmí mú, nítorí ọ̀nà náà da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. "Ọdún mélòó ló máa gbà?"

"Kò ní pẹ́, Màmá."

Ìyá Ládépò mi orí pé òun gbọ́. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun á dúró dè é.