Bí Wọ́n Ṣe Rẹ Jíìpù Kálífánì Sílẹ̀

Mo fi iyọ̀ tí mo jẹ nílé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn búra, òtítọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìlú Múskátì níbí ló ti ṣẹlẹ̀, oòrùn ti là, ojú ń ríran. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í gbélẹ̀, ẹnu mi náà kì í sinmi. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo fi ti ara mi kún un. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná, màá fi ibẹ̀ hàn yín.

Hílálì àti ìyá rẹ̀, Súwáínà, ló ń gbé inú fúláàtì kékeré kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa. Ará aginjù ni wọ́n. Àìsàn ló gbé wọn wá sí ìlú: kíndìnrín ìyá náà ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Tó bá pa ọjọ́ ẹ̀rọ jẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, èémí rẹ̀ á máa kúrú. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ bò fún Hílálì: bí ìyá rẹ̀ bá tún ń pa á jẹ, kò ní pẹ́ kú.

Ìyá yìí ò sì wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Takisí kẹ̀? Ó ní kí wọ́n gbé e jìnnà. Jíìpù ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń wọ̀, èyí tí Kálífánì fi sílẹ̀ lọ sọ́run. Jíìpù ọ̀hún ga. Sípírííngì gígùn ni Kálífánì fi gbé e sókè, pẹ̀lú táyà ràgàjì, nítorí òkìtì yanrìn ibi tí wọ́n ti wá kì í fi ojú rere wo ọkọ̀ kúkúrú. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí nílé ìwòsàn náà. Ibẹ̀ ni lífítì wà tó ń gbé aláìsàn lọ tààrà síbi ẹ̀rọ. Jíìpù ò lè wọ ibẹ̀. Òde ni wọ́n ń gbé e sí, lọ́nà jíjìn, ìyá náà á wá máa fẹsẹ̀ wọ́ nínú oòrùn tó ń bó èèyàn láwọ̀. Ọjọ́ tó ṣubú lójú ọ̀nà ló ní òun ò lọ mọ́.

Ni Hílálì bá wa jíìpù lọ sọ́dọ̀ Múrádì mẹkáníìkì, ará Bàlúṣì kan tí kì í dákẹ́.

"Ọ̀gá Hílálì," ni Múrádì wí, ó ń yí ọkọ̀ po, "àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń bẹ̀ mí kí n gbé tiwọn sókè, ìwọ ní kí n rẹ tìẹ sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí n sọ ràkúnmí di ewúrẹ́ ni?"

"Ewúrẹ́ ń wọlé. Ràkúnmí ò wọlé."

"Bàbá ẹ gbọ́?"

"Bàbá mi ti kú, Múrádì."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń béèrè."

Hílálì ò rẹ́rìn-ín. Súwáínà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n fún ní kọfí, ló dá a lóhùn. "Tú u, jàre. Èmi náà ńkọ́, ṣé bí mo ṣe ga tẹ́lẹ̀ nìyí?"

Múrádì yọ sípírííngì gígùn, ó fi kúkúrú sí i. Ó pààrọ̀ táyà. Ó tú káríà irin orí rẹ̀ kúrò. Lórí káríà yẹn ni Kálífánì máa ń dúró sí nínú aginjù, tó bá ń wá ràkúnmí tó ṣìnà. Ìyàwó rẹ̀ á máa wakọ̀ nísàlẹ̀, òun á máa fi gìgísẹ̀ kan òrùlé. Tó bá kan ọ̀tún, kí ìyàwó yà sọ́tùn-ún. Tó bá kan òsì, kó yà sósì. Tó bá kan àárín, kó dúró. Bí wọ́n ṣe lo ayé wọn nìyẹn. Wọn kì í pariwo síra wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn, òwúrọ̀ ni. Ọ̀pá irin kan wà lẹ́nu ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà, tí wọ́n fi ṣéènì so kọ́, kí ọkọ̀ tó ga jù lè mọ ara rẹ̀. Hílálì rọra sún mọ́ ọn. Ọ̀pá náà ha òrùlé, fẹ́ẹ́rẹ́, bí èékánná.

Bàkítì, bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, na ọwọ́ sókè. "Dúró! Ìbú ìka kan péré ló kù!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọjá. Tá a bá pẹ́, wọ́n á gbé àyè ìyá mi fún ẹlòmíràn."

"Ṣé èmi ni mo gbé irin kọ́ síbẹ̀? Ìwọ náà, ọmọ aginjù tí ò gbọ́n! Yọ afẹ́fẹ́ táyà!"

Hílálì rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ yanrìn ló ń yọ afẹ́fẹ́ táyà, kí ọkọ̀ má bàa rì. Báwo lòun ò ṣe ronú kàn án? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi orí kọ́kọ́rọ́ tẹ ẹnu táyà. Ṣììììì. Ó bọ́ sí òmíràn. Ṣììììì. Ìró náà kún ẹnu ihò yẹn, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ.

Nínú ọkọ̀, Súwáínà gbórí sókè. Ojú rẹ̀ tàn bí ti ọmọge. Nínú aginjù, ìgbà tí ìró yẹn bá ń dún ni Kálífánì máa ń gun orí ọkọ̀.

Táyà tó kẹ́yìn ń mí lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ náà tẹ̀ lójijì, tó sì tún padà díẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn bá gòkè. Hílálì rò pé ìyá òun ló sún ìdí.

Ó wọ ọkọ̀ padà, ó tún wà á. Bàkítì yọjú wò ó. "Ó ti tó! Àtẹ́lẹwọ́ kan wà láàárín. Kọjá, kọjá!"

Gbì.

Ọ̀pá náà lu nǹkan. Kò dún bí irin tó lu irin. Ó dún bí irin tó lu láwàní, tí nǹkan líle wà nínú láwàní náà. Àlàfo wà láàárín òrùlé àti ọ̀pá. Bàkítì rí i. Hílálì rí i. Síbẹ̀ ọ̀pá náà ń fì, ó ń lọ, ó ń bọ̀.



"Bàbá Hílálì," ni Súwáínà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó wà lórí ẹní, "ìlú la wà. Tẹrí ba."

Ọ̀pá náà dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n kọjá.

Ìsàlẹ̀ tutù. Iná ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀ dáadáa. Táyà rírọ̀ ò dún lórí kọnkéré, ọkọ̀ ń yọ́ lọ bí ẹni pé yanrìn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òórùn irun ràkúnmí wọ inú ọkọ̀. Hílálì gbé gíláàsì sókè. Òórùn náà ò lọ. Àwọn ọkọ̀ tó wà lọ́tùn-ún àti lósì di òkìtì lójú rẹ̀, òkìtì pupa, òkìtì funfun, bí ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lórí yanrìn. Ó dùn mọ́ ọn. Bó ṣe dùn mọ́ ọn yẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

Gbọ̀. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún.

"Yà sọ́tùn-ún," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Òsì ni lífítì wà, ìyá mi."

"Bàbá ẹ ní ọ̀tún."

Hílálì wo ọ̀tún. Ọ̀nà kan ń lọ sísàlẹ̀ níbẹ̀ tí kò níná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ wá láti inú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ń tú bẹ́líìtì ìjókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ara ń tù mí, Hílálì. Yà."

Gbọ̀. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Láti kékeré, Hílálì ò ṣàìgbọràn sí gìgísẹ̀ yẹn rí. Ẹni tó wà lókè ló ń ríran. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

"Bàbá," ni ó wí, kò gbójú sókè, "ẹ má bínú. Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀ fún mi díẹ̀ sí i. Èmi náà ò ní ẹlòmíràn."

Ó yà sósì.

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó pẹ́. Nígbà tí wọ́n dé iwájú lífítì gan-an, ìró kan dún láàárín òrùlé, jẹ́jẹ́. Gbọ̀. Dúró.

Nọ́ọ̀sì kan gbé àga onítáyà wá, Súwáínà jókòó sínú rẹ̀. Kí ilẹ̀kùn lífítì tó pa dé, ó wo òkè orí ọmọ rẹ̀, ó juwọ́.

"Mò ń bọ̀," ni ó wí. "Má lọ."

Kì í ṣe Hílálì ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó wá ku Hílálì nìkan. Sípírííngì ọkọ̀ náà ṣì tẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ó gun táyà, ó gbá etí òrùlé mú, ó yọjú wò ó. Eruku lásán. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó de ìyá rẹ̀.

Súwáínà ò pa ẹ̀rọ jẹ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ti fà. Ọ̀pá irin yẹn ṣì ń mì fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ń kọjá, Bàkítì á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní ẹyẹ lòun ń wò.

Ó yá, mo ṣèlérí. Ọ̀pá irin ọ̀hún wà níbẹ̀, ẹ lọ wò ó. Òórùn ràkúnmí, ẹnu Hílálì ni mo ti gbọ́ ọ, kò sì rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ti parọ́ ni ibi tí mo ti ní ó gun táyà yọjú wo òrùlé. Kò wò ó. Mo fi ìyẹn síbẹ̀ kí ẹ lè rí oorun sùn ni. Ńṣe ló kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ náà títí ìyá rẹ̀ fi jáde, tó ń wo bàtà ara rẹ̀, tó ń gbọ́ ẹnì kan tó ń jẹ dàbínù lókè, tó ń tu kóró rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.