Ẹ̀rọ tí Àsánì Fi Tọrẹ

Ìlẹ̀kùn ló so wọ́n pọ̀. Ìlẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù tí Rùkáyàt ti ń ta aṣọ ọmọdé ní Igbó-Elérin kì í ṣí láìké, ló bá wá Àsánì jórinjórin lọ sí Ìyànà Ìbà.

"Bọ̀dá, ìlẹ̀kùn mi ń ké."

"Ṣé ẹ máa ń nà án ni?"

Rùkáyàt rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni ìlẹ̀kùn dákẹ́, ṣùgbọ́n Àsánì ò yéé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kò pẹ́ tó fi ń fi oríkì pè é: Àjíkẹ́. Nígbà tó máa fi tó ọdún kan ààbọ̀, àwọn ẹbí ti mú ọjọ́ yìgì.

Àfi bí Àsánì ṣe yí padà. Lónìí orí ń fọ́ ọ, lọ́la gbogbo ara ń ro ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lo oògùn ibà, kò dá. Aláwàdà wá ń jágbe mọ́ àwọn oníbàárà, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Kò pe ẹnikẹ́ni ní Àjíkẹ́ mọ́.

"Obìnrin mìíràn ló ní," ni ìyá Rùkáyàt wí.

"Ọ̀lẹ ni," bàbá rẹ̀ fi kún un. "Mi ò fọmọ fún ọ̀lẹ."

Rùkáyàt gba ti ìyá rẹ̀ gbọ́, owú sì jẹ ẹ́ dé eegun.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, Muheez, ọ̀rẹ́ Àsánì tí òun náà ń jórin ní Okokomaiko, yà sí ṣọ́ọ̀bù Rùkáyàt tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Àǹtí, ẹ bá mi dúpẹ́ o! Àsánì fún mi ní ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀, ọ̀fẹ́!"

Rùkáyàt ju aṣọ tó ń ká sílẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ni ọ̀gá Àsánì gbé lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kọ́ṣẹ́ parí tó gba fírídọ̀ọ̀mù, tí wọ́n gbàdúrà sí i pé kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé. Kì í tilẹ̀ yá èèyàn. Ẹni tó ní obìnrin mìíràn kì í fi irinṣẹ́ ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Muheez, tẹ̀ lé mi!"

Wọ́n bá Àsánì nílé rẹ̀ lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri, oúnjẹ àná wà nílẹ̀ bó ṣe wà.

"Àyànfẹ́ mi, ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Ó rẹ̀ mí, Rùkáyàt. Mi ò rí ohun tí mo ń jí fún mọ́. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Wọ́n á ní ọkùnrin kì í sunkún."

"Sun ún. Mi ò lọ síbì kankan."

Ó sunkún. Nígbà tó parí, àwọn méjèèjì mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin tó dá a lóhùn bi í nípa oorun, oúnjẹ, ìbínú, ó sì bi í gbangba bóyá ó ti ń ro ikú. Àsánì ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ," ni dókítà wí. "Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìbínú àti ara ríro ló sábà máa ń gbé wọ̀ lára ọkùnrin. Ó ní ìtọ́jú."

Oògùn lójoojúmọ́, ìjókòó sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò yá bọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn Àsánì á ní òun ò lọ mọ́, Rùkáyàt á kàn wọ bàtà dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lọ ṣàlàyé fún bàbá Rùkáyàt. Bàbá fà á jókòó.

"Lọ́dún tí wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́rin ni mi ò fi jáde. Wọ́n ní mo ya ọ̀lẹ, èmi náà sì gbà. Mi ò mọ̀ pé ó lórúkọ." Ó di ọwọ́ Àsánì mú. "O ṣeun, ọmọ mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ yìgì, Muheez gbé ẹ̀rọ dé.

"Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?" Àsánì bi í.

"Ó ń ṣiṣẹ́. Mo kàn ń bá ẹ tọ́jú ẹ̀ ni."

Àáfà bi Àsánì bóyá ó gba Rùkáyàt láya.

"Mo gbà á," ni Àsánì wí. "Mo dúpẹ́ pé mo wà níbí láti gbà á." Ó wá yíjú sí i. "Àjíkẹ́, o ṣeun."