Okùn Tó Já Lórí Òkè Sorrel

Verna Shook, ìyá àgbà tó ń tọ́jú àgọ́ àwọn arìnrìn-àjò lórí Òkè Sorrel, ló kọ́kọ́ rí òkú Curtis Ogle láàárọ̀, nísàlẹ̀ ọ̀gbun. Lókè, létí ọ̀gbun náà, ibùsùn aláṣọ tí Curtis máa ń so mọ́ igi méjì ń fì dirodiro lórí okùn kan ṣoṣo. Okùn kejì ti já.

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Loretta Mabry ti gun òkè náà dé láti Harlow. Obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀ ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo òkú náà, ó rí i pé okùn bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì so pinpin. Ó gòkè padà, ó fọwọ́ pa ewé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ tapólì tí wọ́n ta sókè ibùsùn náà láti dènà òjò, ó sì wo ẹnu okùn tó já náà títí.

Teague Lowry jókòó sórí kùkùté, ó ń mu kọfí. Oṣù méjì ni òun àti Curtis ti jọ ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Appalachia bọ̀ láti Georgia. Teague ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun máa fẹsẹ̀ rin gbogbo rẹ̀ nítorí àbúrò òun tó kú. Gbogbo ìjọ wọn nílé ló ń gbàdúrà fún un.

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?" Mabry bi í.

"Ìrọ̀lẹ́ àná, mà. Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ tó ti ta tapólì ẹ̀, tó so ibùsùn, tó wọnú ẹ̀ lọ. Èmi sùn nínú àgọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ bi Màmá Verna. Òun ló ní òun máa gé ibùsùn ẹnikẹ́ni tó bá tún so ó sétí ọ̀gbun. Ọ̀bẹ kì í sì í kúrò ní ìbàdí ẹ̀."

Mabry kọjú sí ìyá náà. "Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ bẹ́ẹ̀, Màmá?"

"Mo sọ ọ́! Mo tún máa sọ ọ́ lọ́la. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sọ ọ́, mi ò gé tẹnì kankan rí. Ìwọ̀n là á bá ẹni ṣọ̀tá mọ, ọmọ mi." Ó na ìka sí Teague. "Ẹ bi òun náà ohun tí wọ́n ń jà lé lórí lánàá, tí Curtis fi ń pariwo pé, 'Mọ́tò lo wọ̀!'"

Kọfí dà sí Teague lẹ́sẹ̀. "Eré la ń ṣe, mà."

"Ìgbà wo lòjò dá?" Mabry bi í.

"Bílẹ̀ ṣe ń mọ́ báyìí ni."

"Ó dáa. Wá fọwọ́ kan ewé abẹ́ tapólì yìí."

Teague fọwọ́ kàn án. Ó nu ọwọ́ náà mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

"Ó rin gbindin, àbí? Bó bá jẹ́ pé tapólì yìí ti wà níbẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ì bá gbẹ. Ẹnì kan ta á lẹ́yìn tójò dá. Ta ló sì máa ń wọ bàtà sùn? Okùn yìí náà ò já, wọ́n gé e ni. Wo bí ẹnu ẹ̀ ṣe dọ́gba. Ká ní Màmá Verna ló gé e, ibùsùn tí Curtis fọwọ́ ara ẹ̀ so ni ì bá gé. Èyí, òkú ni wọ́n so ó fún. Ìwọ nìkan lo sì sọ fún mi pé ó ti sùn kí òjò tó dé."

Teague gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Máìlì ọgọ́rin péré ni mo fi wọ mọ́tò, nígbà tí Curtis ti rìn ṣíwájú. Orúnkún ń dùn mí. Ó ní òun máa sọ fún wọn nílé. Màmá mi… Mo kàn tì í ni, mà."

"Nígbà tó já bọ́, ṣé ó kú lójú ẹsẹ̀?"

Teague wo ìsàlẹ̀ ọ̀gbun náà. "Rárá. Ó ń pè mí. Ó ń pè mí títí òjò fi dé."

Bí Mabry ṣe ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́, Verna rọra jókòó sórí ilẹ̀ tútù.

"Mo gbọ́ igbe ẹ̀ láti inú ahéré mi," ló wí. "Mo ṣebí wọ́n ṣì ń jà ni."