Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ Kò Sọ

"Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ kì í bá àbúrò yín sọ̀rọ̀?"

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ kò gbójú sókè. Ó ń ha etí kọ́kọ́rọ́ tuntun kan, ó fẹ́ ìyẹ̀fun irin orí tábìlì dànù, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ náà sí ìmọ́lẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló wá wo ọmọbìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀, tó di fóònù tí gíláàsì ojú rẹ̀ ti sán mú.

"Ìwọ lọmọ alágbàfọ̀ tí wọ́n ń pè ní Kí-Ló-Dé, àbí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Orúkọ náà bá ọ mu."

Ó bá a mu lóòótọ́. Láti kékeré lọmọ yìí ti máa ń fẹ́ mọ ìdí abájọ gbogbo nǹkan. Nígbà tó ku díẹ̀ kó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn nípa àwọn èèyàn àdúgbò fún ìwé ìròyìn kan orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò ní ọ́fíìsì, kò sì mọ olóòtú rẹ̀ lójú. Orí bẹ́ẹ̀dì, láàárín aṣọ oníbàárà tí ìyá rẹ̀ ti ká jọ, ló ti ń kọ̀wé. Ìtàn tó bá wọ olóòtú lójú ni wọ́n ń gbà. Èyí tí kò bá wọ̀ ọ́ lójú, ìyà rẹ̀ ló jẹ gbé.

Ohun tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tipẹ́. Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ní àbúrò kan tó jẹ́ onígbàjámọ̀, ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì sì kọjú síra wọn. Wọn kì í kíra. Síbẹ̀, láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n á gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tán, á sọdá títì, á sì gbá iwájú ti àbúrò kí ìyẹn tó dé. Ẹni tó ń bínú síni, kí ló fẹ́ fi ìgbálẹ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà ẹni?

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ bi léèrè, ìyẹn ò sì fi bò. "Èmi ni mo jẹ̀bi," ló wí. "Nígbà tí ìyá wa ń ṣàìsàn, mi ò wálé. Ìgbà tí mo máa fi dé, wọ́n ti sin wọ́n. Látìgbà náà lẹ̀gbọ́n mi ò ti dá mi lóhùn mọ́. Kọ ọ́, kò burú. Bóyá wọ́n á kà á."

Ṣùgbọ́n Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ní tirẹ̀ kò tú ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. "Ọmọ mi," ló wí níkẹyìn, "ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì sí lẹ́nu mi."

Kí-Ló-Dé kọ ìwọ̀nba tó gbọ́, ó sì fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí èsì olóòtú fi dé. "Ìtàn yìí dùn, àmọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n dà? Lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá fi ti ẹlòmíì síbẹ̀."

Nígbà tó padà lọ lọ́jọ́ kejì, Bàbá ti lọ tún ilẹ̀kùn oníbàárà kan ṣe. Ó dúró títí, kò rí i. Ó délé, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí aṣọ.

"Màámi, béèyàn bá mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹnìkan, ṣé ó lè bá a sọ ọ́?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Aṣọ aláṣọ ni mo ń fọ̀. Ohun tí mo bá bá lápò rẹ̀, mi kì í yọ níbẹ̀, mi kì í sì í fi kún un."

Ó gbọ́, àmọ́ kò gbà. Ó rò ó pé oore lòun fẹ́ ṣe, ta ló máa pa lára? Ó bá kọ ọ́ pé Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ wí pé: "Mo ti dárí jì í tipẹ́. Ẹnu mi ló kàn ń wúwo."

Ìtàn náà jáde, àwọn èèyàn sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀sán ọjọ́ náà, Kí-Ló-Dé ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ nígbà tó rí onígbàjámọ̀ tó ń sáré sọdá títì, fóònù lọ́wọ́. Ó fi oníbàárà sílẹ̀ lórí àga, apá kan orí rẹ̀ dán, apá kejì kún fún irun.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "mo ti kà á. Ẹ ṣeun tí ẹ dárí jì mí."

Ẹ̀gbọ́n gba fóònù, ó kà á, ó tún un kà. "Ta ni mo sọ èyí fún?" ló bi í. Ó dá fóònù padà, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àbúrò dúró síta gbangba, níwájú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n kò sọdá, àbúrò fúnra rẹ̀ ló gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Kí-Ló-Dé rí gbogbo rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyẹn kò bá a wí. "Ẹyin lohùn, ó sì ti fọ́," ló wí. "Ẹni tó fọ́ ọ ni kó lọ nu ilẹ̀."

Ó kọ̀wé sí olóòtú. Olóòtú tún ìtàn náà ṣe, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó kà á, ó sì dá a lóhùn pé: "Gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni mo ní, mi ò ní kó o dá a sọ. A ò ní lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ mọ́."

Onígbàjámọ̀ ń nu ẹ̀rọ ìgẹ̀run rẹ̀ nígbà tí Kí-Ló-Dé wá sọ òótọ́ fún un. "Ọ̀sán kan péré ni mo fi ní ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Má ṣe é fún ẹlòmíì." Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọmọ náà ju èébú lọ.

Ó wá sọdá sọ́dọ̀ Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo dá a sọ. Mo rò pé ohun tó wà lọ́kàn yín nìyẹn."

"Ó lè wà níbẹ̀," ni bàbá náà wí. "Ó sì lè má sí. Èmi alára ò tíì mọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń wá a nínú ara mi, ìwọ wá bá mi rí i lójú ẹsẹ̀. Ká ní o kọ ọ́ pé mo dákẹ́ ni, òótọ́ lò bá kọ, àbúrò mi ì bá sì lè máa retí mi."

Ó ní kó dìde, ó sì gbé àga fún un. Kò lé e lọ, ṣùgbọ́n títí di bí a ṣe ń wí yìí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀.

Ó pẹ́ kí ìwé ìròyìn mìíràn tó gba iṣẹ́ Kí-Ló-Dé. Nísinsìnyí, bó bá gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹnìkan, á kà á padà sí i létí kó tó fi ránṣẹ́. Bí ẹni náà bá dákẹ́, á kọ ọ́ pé ó dákẹ́. Ìfẹ́ láti mọ̀ kò burú. Òun gan-an ló ń sọni di òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ̀ ẹni bá parí sí ni kí ìkọ̀wé ẹni dúró sí. Irọ́ tí a pa láti tu ẹnìkan nínú, irọ́ náà ni, ẹni tí a fẹ́ tù nínú ló sì máa ń san án.